Àníyàn Olórí: Ẹ̀kọ́ láti Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther



Ní oṣù yìí, a fẹ́ kí a jọ ro ọ̀ràn kan tí ń lé oorun kúrò lójú ọ̀pọ̀ olórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn ni ń fi ẹnu sọ ọ́. Àníyàn ni ọ̀ràn náà. Ní Ìfira níhìn-ín, àti káàkiri ilẹ̀ Àkókó láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń ro ti òrùlé tí ń jò, baálé ń ro ti owó ìwé àwọn ọmọ, bàbá ìjọ sì ń ro ti ìkórè tí kò tó bí a ti fọkàn sí. Àwọn ẹlòmíràn a máa wí pé olórí tòótọ́ kì í ṣàníyàn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Olórí rere a máa ṣàníyàn bí ènìyàn gbogbo, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí àníyàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Òṣogùn ni Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú mú un. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tí a sì mú un lọ sí Sàró. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ohun mẹ́ta ni a ó mú nínú ìrìn àjò rẹ̀.

Èkíní: ó ka àdánù rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kó jọ fún ọdún 11 jóná pátápátá. Kò ṣe bí ẹni pé kò dun òun. Ó kọ̀wé pé owó kò lè rà á padà, àti pé òun kò lè rántí gbogbo rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó tún mú kálámù. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1880, òun pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

Èkejì: ó ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó sínú ọ̀fọ̀. Ní 1867, ìjòyè kan tí à ń pè ní Abokko mú òun àti Dandeson ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀bá Ìdá, lórí odò Ọya, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Ọ̀gbẹ́ni Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, wá gbà wọ́n. Wọ́n bọ́, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell, ó sì kú. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: kí ẹlòmíràn kú nítorí ẹni! Ẹ̀dùn yìí wọ Bíṣọ́ọ̀bù lọ́kàn. Síbẹ̀ iṣẹ́ Lọ́kọ́ja, Oníṣà àti Bonny ń dúró dè é, ó sì padà sídìí wọn.

Ẹ̀kẹta: nígbà tí a ti ilẹ̀kùn kan, ó wá ibi tí apá rẹ̀ ká. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Òyìnbó fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá púpọ̀ nínú wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Arúgbó ni nígbà náà. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ó sì yí ojú sí àwọn ìjọ etí òkun, pé kí wọ́n lè máa fi owó ara wọn gbọ́ bùkátà iṣẹ́ wọn. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, kò sì fi ojú rí òpin rẹ̀. Ní ọdún 1892 ni ètò náà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, Dandeson sì ni olórí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹni tí ó ṣẹ́gun àníyàn ni yóò rí gbogbo ohun tí ó ń fẹ́.

Àwa pàápàá ti dán ọ̀nà yìí wò. Ní ọdún kan, ìkórè ìjọ tí a ń tọ́jú kéré jọjọ, a kò sì rí oorun sùn fún òru mẹ́ta. Ní òru kẹta, a tan fìtílà, a sì fa ìlà sí àárín ìwé. Ní ìhà kan a kọ ohun tí apá wa ká. Ní ìhà kejì, ohun tí apá wa kò ká. Nínú ohun méje tí ń dà wá láàmú, mẹ́ta péré ni apá wa ká: kí a sọ òtítọ́ owó náà fún ìgbìmọ̀ ìjọ, kí a bẹ káfíńtà kí ó ní sùúrù, kí a sì múra ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì sílẹ̀. Òjò, iye owó iṣu lọ́jà, àìsàn ẹnì kan, àti ohun tí ayé yóò wí, a fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́, a sì sùn. Nígbà tí a dé iwájú ìgbìmọ̀, ẹnikẹ́ni kò bú wa. Àgbà kan tilẹ̀ wí pé òun ti ń retí kí a sọ̀rọ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí a tètè mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Àwọn àgbà sì tún wí pé a kì í ru ẹran erin lórí kí a máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Olùkọ́ tí ó ní ọgọ́ta ọmọ níwájú, kí ó má ṣe fi ọkàn rẹ̀ wa ìrẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́gàn.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́:
1. Èwo nínú àdánù mẹ́ta wọ̀nyí ni ó ṣòro jù láti fara dà, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Kí ni ń dí olórí lọ́wọ́ láti sọ àníyàn rẹ̀ fún àwọn tí ó ń darí?
3. Kí olúkúlùkù fa ìlà sí àárín ìwé rẹ̀ ní alẹ́ òní. Kí ni ó wà ní ìhà èkíní tí ẹ lè ṣe kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú?

Kí Olúwa fún gbogbo àwọn tí ń ṣáájú ní ọkàn tí ó balẹ̀, àti ọwọ́ tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀.