Ayaba Ọ̀fẹ́

Bí ẹnìkan bá gbé ohun tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ sí iwájú rẹ láìbéèrè kọ́bọ̀, kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe?

Ní nǹkan bí ọdún 1750, ní ìlú Paris, ọkùnrin méjì jókòó ti pátákó ṣẹ́ẹ̀sì. Ọ̀kan ni Légal, ẹni tí ó kọ́ Philidor ní ayò náà. Èkejì ni Saint Brie. Nínú ọ̀kan lára ọ̀nà tí a gbà ń tẹ ayò wọn jáde, bíṣọ́ọ̀bù Saint Brie ti dojú kọ ẹṣin Légal: bí ẹṣin náà bá kúrò, ayaba tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣí nídìí. Ṣùgbọ́n Légal gbé e! Ó fi jẹ ọmọ-ogun kan láàrin pátákó, ó sì fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Ayaba ló lágbára jù nínú ayò yìí. Saint Brie mú un. Ta ni kò ní mú un? Bíṣọ́ọ̀bù Légal wọlé, ó lé ọba. Ọba sún síwájú, ibì kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn. Ẹṣin kejì dé, ó parí. Ìṣísẹ̀ méje péré!

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò nìyí: bí àtẹ̀jáde yẹn bá tọ́, Légal gan-an ló ṣàṣìṣe. Saint Brie ní ẹṣin kan nítòsí tí ì bá fi jẹ ẹṣin Légal yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ayaba bá sì fẹ́ gbẹ̀san lára bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin kan náà ni yóò jẹ ayaba. Èrè kékeré ni, àmọ́ èrè gidi. Ayaba tó ń dán níwájú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó rí i. N kò bú u o. Ayaba kì í ṣe ohun kékeré.

Ìwọ ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ yá ọ lówó ńlá láìbéèrè onígbọ̀wọ́, ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ ní ìdajì iye tí aládùúgbò rẹ fi ra tirẹ̀: ṣé o ti béèrè ìdí tó fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀? Àbí ọwọ́ rẹ ti wà lórí rẹ̀ ná? Nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì, bí o bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kan ọmọ ayò alátakò rẹ, tí ó sì ṣeé jẹ, dandan ni kí o jẹ ẹ́. Kò sí pé o yí ọkàn padà.

Ohun ṣíṣe lónìí: Mú ohun kan tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ tí o kò tíì dáhùn. Kọ ohun tí ẹni tó gbé e wá yóò rí jẹ níbẹ̀ sórí ìwé. Bí o kò bá rí nǹkan kan kọ, má tíì fọwọ́ kàn án.