Paulin, Láìsí Lẹ́tà "e" Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ní Ìfira níbí.

Ọmọ ọmọ mi kan ti Kútọnu dé, níbi tí wọ́n bí i sí. Paulin ni orúkọ ìsàmì rẹ̀. Olúfẹ́mi ni èmi ń pè é. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó wọ ilé ìwé tó fi gbé fọ́ọ̀mù kan wálé. Olùkọ́ ti fi lẹ́tà "e" kún ìdí orúkọ rẹ̀, ó ti di Pauline, ó sì ti fa igi sí ibi tí wọ́n kọ "obìnrin" sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i. "Àǹtí Pauline" ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà. Ọmọ náà wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń sá kòkó, kò wojú mi, ó ń fi ìka ro kòkó káàkiri lórí ẹní. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí n máa jẹ́ Paul. Mi ò fẹ́ èyí mọ́."

Mi ò bá a wí. Ẹ̀sín kì í ṣe nǹkan kékeré lára ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ẹrù tí èèyàn kò tíì tú wò, kò yẹ kó jù ú nù.

A sì jọ tú u. Èdè Látìn ni gbòǹgbò orúkọ náà. Paulus ni àwọn ará Róòmù ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "kékeré". Òun náà ni Pọ́ọ̀lù inú Bíbélì. Láti ara Paulus ni Paulinus ti jáde, àwọn Faransé wá gé ìrù rẹ̀, ó ku Paulin fún ọkùnrin. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, wọn a fi "e" sí i. Kì í ṣe "lin" ni wọ́n ń pè ní ìparí rẹ̀ o. Ohùn tó wà ní ìparí "ìyẹn" ni: Pólẹn. Ahọ́n Yorùbá ti mọ ohùn yẹn kí Faransé tó dé etí òkun wa. Nígbà tí mo sọ èyí, ọmọ náà pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹni ńlá ti jẹ́ orúkọ yìí rí. Ẹni mímọ́ tí ìjọ Àgùdà ń rántí ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, Paulinus ará Nola, ọmọ olówó ni ní Bordeaux. Ó di gómìnà, ó tún wá ta ohun ìní rẹ̀, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní Nola ní ilẹ̀ Ítálì. Ó kú ní ọdún 431.

Àwa Yorùbá, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kàlẹ́ńdà àwọn ẹni mímọ́ ni àwọn Faransé máa ń wò tẹ́lẹ̀. Òfin wọn ti 1803 ní orúkọ inú kàlẹ́ńdà àti ti àwọn èèyàn ìtàn àtijọ́ ni kí akọ̀wé ìjọba máa gbà. 1993 ni wọ́n tó tú okùn náà. Àṣà yìí bá àwọn àlùfáà wọ Dàhòmì, èyí tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Èmi fúnra mi kò ní wo kàlẹ́ńdà sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tó ti wà lára ọmọ ti kúrò ní ti àlejò. Ti ọmọ náà ni.

Ẹ gbọ́ nípa ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, lọ́dún 1925: Paulin Soumanou Vieyra. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Paulin ti ọ̀dọ̀ Látìn gba ilẹ̀ Faransé wá. Soumanou, Sùmọ́nù tí àwa náà mọ̀ ni, láti inú Lárúbáwá. Vieyra, orúkọ Potogí ni, irú èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wálé. Ọ̀nà mẹ́ta tí ayé gbà dé etí òkun wa, gbogbo rẹ̀ wà lára ọmọ kan ṣoṣo! Kò sì bọ́ ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ó kàwé sinimá ní ilé ẹ̀kọ́ IDHEC ní Paris. Àwọn òyìnbó kò gbà kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ya sinimá nílé, wọ́n bá kọjú ẹ̀rọ sí àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Paris. Bí Afrique-sur-Seine ṣe jáde ní 1955 nìyẹn, sinimá tí kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ, tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ ìpìlẹ̀ sinimá Áfíríkà aláwọ̀ dúdú. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó ran Ousmane Sembène tó ń ya sinimá lọ́wọ́, ó kọ ìwé ìtàn sinimá wa, ó sì kú ní 1987.

Paulin kejì ni Hountondji, onímọ̀ ọgbọ́n orí, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n bí ní Abidjan ní 1942. Àwọn kan ń kọ̀wé pé gbogbo ará ìlú kan ní Áfíríkà ń ro èrò kan náà, bí ẹni pé a kò ní orúkọ. Hountondji ní rárá: èrò ní olówó rẹ̀, kí olówó rẹ̀ kọ ọ́, kó fọwọ́ sí i, kí ẹlòmíràn lè bá a jiyàn. Ó ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn ìyípadà ìjọba tó wáyé níbẹ̀ ní 1990. Oṣù Kejì 2024 ló kú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé orúkọ yín tàbí kó fi kún un. Ẹni tó jẹ́ Paul lórí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, Pauline lórí NIN, Paulin lórí WAEC, yóò máa lọ búra ní kóòtù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ẹ bá rí àṣìṣe lónìí, lónìí ni kí ẹ ti lọ tún un ṣe, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì mú àgbà kan dání.

Èmi àti ọmọ náà lọ ní ọjọ́ Ajé. Olùkọ́ náà tọrọ àforíjì, ó fún un ní fọ́ọ̀mù tuntun. Ọmọ náà kọ Paulin, ó dúró, ó ní, "Bàbá àgbà, Olúfẹ́mi ńkọ́?" Àyè ṣì wà lórí ìlà náà. Ó kọ ọ́ sí i, ó fi àmì sórí "u" àti "e", ó wá padà fi bíírò tẹ ojú kan sábẹ́ "e" náà, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an.