Ìdí tí a kì í fi í Yí Aago Padà ní Ilẹ̀ Wa

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọn a dá a padà. Òbí tí ó wà ní Sangisa, ní Kòsọ́fẹ́, tí ọmọ rẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò ti kíyè sí i pé aago méjèèjì a máa dọ́gba ní ìgbà ooru wọn, ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù, aago Èkó a fi wákàtí kan ṣáájú.

Kọ́lékọ́lé kan, William Willett, ni ó tẹ ìwé pélébé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1907. Ó wí pé oòrùn ti ń ràn nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sùn, bẹ́ẹ̀ ni wọn a sì máa tan iná ní alẹ́. Ó kú ní 1915 kí wọ́n tó gbà fún un. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Jámánì ti aago síwájú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, 1916, kí èédú má baà ṣòfò; ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún.

Èéṣe tí a kò fi ṣe é níhìn-ín? Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọmọ a gùn tó wákàtí 16 ààbọ̀ ní oṣù Kẹfà, kì í sì í pé wákàtí 8 ní oṣù Kejìlá. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sán tí ó gùn jùlọ àti èyí tí ó kúrú jùlọ kò pé wákàtí kan. Kò sí ìmọ́lẹ̀ àjẹṣẹ́kù tí a lè tọ́jú.

Síbẹ̀, aago wa ti ṣáájú oòrùn tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, 1919, a fi aago Nàìjíríà ṣáájú ti Greenwich ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 ààbọ̀ péré ni oòrùn fi ń dé orí Èkó ṣáájú Greenwich. Nítorí náà, aago Èkó fi bí ìṣẹ́jú 46 ṣáájú oòrùn. Maiduguri, tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn, ni aago náà bá mu jù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ìdánilójú, kí ó ri igi kan mọ́lẹ̀ lóòró ní gbangba. Nígbà tí òjìji rẹ̀ bá kúrú jùlọ, ọ̀sán gangan ni. Aago yóò sì wà láàárín méjìlá ààbọ̀ àti aago kan, gẹ́gẹ́ bí oṣù bá ti rí. Ìdí nìyí tí àkókò ìrun Àìlà, tí a ń fi oòrùn wò, kì í fi í bọ́ sí aago méjìlá géérégé.

Ní oṣù Kìíní, oòrùn a máa yọ ní Èkó ní nǹkan bí aago méje. Bí a bá tún ti aago síwájú, yóò di aago mẹ́jọ, àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò sì máa rìn nínú òkùnkùn.

Kí àwọn oníṣòwò tí ń lọ sí Lomé rántí pé aago Benin bá tiwa dọ́gba, ṣùgbọ́n ti Togo fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ń dá àkókò pẹ̀lú ará òkèèrè, kí ó sọ aago ìlú tí ó ń wí.