Sókàwéè, Orúkọ Kan fún Ohun Méjì: Èdè-Ìperí Kànga àti Ìgbọ̀nsẹ̀ Ilé ní Ìbàdàn

1. Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ń kọ́ ilé ní àwọn àdúgbò tuntun Ìbàdàn, ìbáà ṣe Bódìjà, Àgbowó tàbí Challenge, ní ìnáwó méjì tí kì í hàn sójú nígbà tí ilé bá parí. Èkíní ni ti omi tí yóò wọlé. Èkejì ni ti ẹ̀gbin tí yóò jáde. Omi Ẹlẹ́yẹlé ti wà láti ọdún 1942, ti Asẹ́jirẹ lórí odò Ọ̀ṣun sì tẹ̀lé e ní ọdún 1972. Ṣùgbọ́n ìlú ti dàgbà ju ohun tí páìpù ìjọba lè kárí lọ, kò sì sí ojú ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan tí ń kó ẹ̀gbin gbogbo ìlú lọ síbi kan. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ onílé ni ó ń dá kànga àti ibi ìkẹ́gbin tirẹ̀ ṣe.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ àwọn orúkọ tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ wọ̀nyí wò. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé sókàwéè, orúkọ kan ṣoṣo, ni wọ́n fi ń pe ohun méjì tí iṣẹ́ wọn takora. Àìpé orúkọ yìí ń da ìṣirò owó rú, ó sì ń kó omi mímu sínú ewu.

2. Ohun méjì tí orúkọ kan bò mọ́lẹ̀

Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi tó gbilẹ̀, àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀ kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Ṣáláńgá ni kòtò jíjìn tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Agbépòó ni ẹni tí ń gbé garawa ẹ̀gbin jáde lóru. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹ̀gbin lọ nínú páìpù, ohun tuntun méjì dé.

Èkíní ni ilé abẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀ kí ó má baà jò. Yàrá méjì ni ó sábà máa ń ní. Bí ẹ̀gbin bá wọ ibẹ̀, èyí tí ó wúwo yóò rì sí ìsàlẹ̀, èyí tí ó fúyẹ́, bí ọ̀rá, yóò léfòó, omi yóò sì wà láàárín. Àwọn bakitéríà tí kò nílò afẹ́fẹ́ ni yóò máa jẹ ohun tí ó rì náà díẹ̀díẹ̀.

Èkejì ni kòtò tí omi àárín náà ń ṣàn lọ. Wọn kì í rẹ́ ògiri èyí. Ihò ni wọ́n ń dá sí i lára, wọ́n sì lè da òkúta sínú rẹ̀, kí omi lè máa wọ inú ilẹ̀ lọ. Iṣẹ́ èkíní ni pé kí ó má jò. Iṣẹ́ èkejì ni pé kí ó jò. Síbẹ̀, sókàwéè ni bíríkìlà àti onílé sábà ń pe àwọn méjèèjì.

3. Àbá orúkọ

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí ó yẹ ní wíwò níhìn-ín ni iṣẹ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá: Donald Cameron, ẹni tí ó ṣe irú èkíní fún ìlú Exeter ní ọdún 1895, ni ó sọ ọ́ ní septic tank, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ mọ́ jíjẹrà. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe jẹrà nílẹ̀. Bí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- bá kún un, ìjẹrà ni yóò dà. Àgbá-ìjẹrà ni àbá fún èkíní. Àgbá yẹ é ju kòtò lọ, nítorí pé ohun tí ń gba nǹkan dúró ni àgbá. Bí ó bá ń jò, ó ti bàjẹ́. Fún èkejì, kòtò-ìfàmu ni àbá, nítorí pé ilẹ̀ ni ó ń fa omi náà mu. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì yóò mọ èyí tí ó gbọ́dọ̀ ní ìsàlẹ̀ kọnkéré àti èyí tí kò gbọdọ̀ ní in.

Fún ohun inú àgbá náà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹmu, lè dúró fún èyí tí ó rì. Ìléfòó fún èyí tí ó wà lókè. Omi-àgbá fún èyí tí ń ṣàn jáde. Ìmúgbòòrò ìtumọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ìṣẹ̀dá ni ti méjì yòókù.

Ẹnìkan lè sọ pé sókàwéè ti wọ èdè, kò sì ṣeé lé jáde mọ́. Òtítọ́ ni. Bí wọn yóò bá dá a sí, kí ó dúró fún kòtò-ìfàmu nìkan, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ àyálò náà ń tọ́ka sí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

4. Irú kànga méjì

Kànga náà ti di oríṣi méjì. Agbẹ́kànga ń fi ọwọ́ gbẹ́ ọ̀kan, wọ́n sì ń to òrùka kọnkéré sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń lu èkejì, bọ́họ́ọ̀lù, wọ inú àpáta. Kànga ẹ̀rọ tí àwọn kan ń pe bọ́họ́ọ̀lù kò là á yé, nítorí pé ènìyàn lè pe kànga tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, tí wọ́n so ẹ̀rọ ìfami mọ́, bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àpẹẹrẹ àfọwọ́kọ fi ọ̀nà hàn: kànga àfọwọ́gbẹ́ àti kànga àfẹ̀rọlu.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní Ìbàdàn, ìlú tí ó jókòó lórí àpáta líle àtijọ́. Kànga àfọwọ́gbẹ́ sábà máa ń dúró nínú ìpele tí àpáta ti rà di ilẹ̀. Àfẹ̀rọlu ń kọjá ibẹ̀ lọ wá omi nínú àwọn ibi tí àpáta ti sán. Ìpele tí kòtò-ìfàmu ń da omi-àgbá sí ni ìpele tí kànga àfọwọ́gbẹ́ ti ń fa omi. Ojú-omi abẹ́lẹ̀ sì máa ń ga lásìkò òjò, a sì lọ sílẹ̀ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Kànga tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù kẹsàn-án lè gbẹ ní oṣù kejì, kí onílé tún sanwó jíjìn sí i. Kòtò-ìfàmu tí ó gbẹ táútáú ní oṣù kejì lè wà nínú omi ní oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí wọ́n fi wọn jíjìn kànga. Òjò ni kí wọ́n fi wọn jíjìn kòtò.

5. Ìnáwó

Jíjìn, iye òrùka, ìdérí àti àpáta tí wọ́n bá bá pàdé ni ó ń pinnu owó kànga àfọwọ́gbẹ́. Ní ti ìgbọ̀nsẹ̀, búlọ́ọ̀kù, irin, sìmẹ́ǹtì àti gbígbẹ́ ilẹ̀ ni. Bí ìwé ìdíyelé bíríkìlà méjì bá ka “sókàwéè 1,” tí èkíní ní àgbá-ìjẹrà àti kòtò-ìfàmu lọ́kàn, tí èkejì ní kòtò lásán lọ́kàn, èkejì ni yóò dín owó. Onílé yóò rò pé òun rí ọ̀pọ́. Ohun tí ó rà gan-an ni ṣáláńgá tí ó ní páìpù, kànga ni yóò sì san ìyókù owó náà.

Ìwọ̀n tí àwọn ìlànà ìlera sábà ń dárúkọ láàárín kànga àti irú kòtò bẹ́ẹ̀ ni mítà 30, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 98. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, tí kànga wà ní igun iwájú, tí kòtò wà ní igun ẹ̀yìn tí ó kọjú sí i, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi ẹsẹ̀ bàtà 5 jìnnà sí ọgbà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 98 náà ni yóò wà láàárín wọn. Ó tó gééré. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ààbọ̀ ìyẹn, 50 sí 50, igun sí igun kò ju 71 lọ. Bí aládùúgbò ẹ̀yìn bá sì fi kòtò tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, gbogbo ìṣirò dàrú.

Ewu náà kì í ṣe àròsọ. Ní London ní ọdún 1854, John Snow tọpa àrùn onígbáméjì dé kànga kan ní Broad Street. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé kòtò ẹ̀gbin ilé kan, tí kò jìnnà tó mítà 1 sí kànga náà, ń jò.

6. Ìkádìí

Àbá méjì ni ó jáde. Kí ìwé ìdíyelé máa ka àgbá-ìjẹrà àti kòtò-ìfàmu lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú iye wọn. Kí àwọn ilé òpópónà kan sì fi ẹnu kò: kànga síwájú, kòtò-ìfàmu sẹ́yìn, kí ẹ̀yìn lè kọ ẹ̀yìn, bí ilẹ̀ bá dagun, kí kànga gba òkè. Àdéhùn kejì yìí kò lè dúró láìsí èkíní, nítorí pé ohun tí kò ní orúkọ tirẹ̀ kò ṣeé kọ sínú àdéhùn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí onílé bi bíríkìlà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: àgbá-ìjẹrà mélòó, kòtò-ìfàmu mélòó, àti ẹsẹ̀ bàtà mélòó sí kànga, ti ara ẹni àti ti aládùúgbò?