Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Àròkọ Aṣàlàyé – Yíya Ìpele Eré Kọ̀ǹpútà Sórí Ìwé

Àròkọ aṣàlàyé ni èyí tí a fi ń la ohun kan yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ìròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, kì í sì í ṣe àríyànjiyàn. Ohun tí olùyẹ̀wò ń wá nínú rẹ̀ ni pé, bí òun bá ka ìwé rẹ tán, kí òun lè sọ bí a ṣe ń ṣe ohun tí o ń ṣàlàyé. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ìbéèrè tí a ó gbé yẹ̀ wò nìyí:

Ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ kan tí o máa ń ṣe nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ àwòrán yà, tí ó sì fẹ́ràn eré orí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní géèmù, lè yàn láti kọ nípa bí òun ṣe ń ya ìpele eré. Orí-ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí eré náà ti dùn tó, àti iye ìgbà tí o ti borí ọ̀rẹ́ rẹ, o ti ṣìnà. Wọn kò bi ọ́ bí eré ti dùn tó; iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ ń ṣe ni wọ́n bi ọ́.

1. Sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kí o tó lò ó

Olùyẹ̀wò rẹ lè jẹ́ àgbà tí kò fọwọ́ kan géèmù rí. Nítorí náà, sọ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ìpele ni apá kan nínú eré, tí ó ní ibi tí a ti ń gbéra, àwọn ìdíwọ́ ojú ọ̀nà, àti ibi tí a ó dé kí a tó kọjá sí apá tí ó tẹ̀ lé e. Gbólóhùn kan péré ni èyí, ṣùgbọ́n bí o bá fò ó, ìyókù àròkọ rẹ yóò ṣú òkùnkùn sí i.

2. Kọ́ ọgbọ́n lára àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà

Ọ̀kan nínú àwọn tí a lè kọ́ ọgbọ́n lára wọn ni Shigeru Miyamoto, ọmọ orílẹ̀-èdè Japan, tí a bí ní 1952. Iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Kanazawa kí ó tó wọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Nintendo ní Kyoto ní 1977. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ náà gbé eré Super Mario Bros. jáde. Ayé 8 ni ó wà nínú eré náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìpele 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 32. Orí ìwé gíráàfù ni Miyamoto àti Takashi Tezuka, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ti ya àwọn ìpele náà, kí àwọn tí ń kọ èdè kọ̀ǹpútà tó gbé wọn sínú ẹ̀rọ.

Wo bí wọ́n ti ṣètò ìpele àkọ́kọ́. Apá òsì ni Mario dúró sí, ilẹ̀ sì ṣófo níwájú rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹni tí ń ṣe eré mọ ibi tí yóò lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ọ̀tá kékeré kan ń rìn bọ̀. Bí kò bá fò ó, yóò kú, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ó wà, kò tíì pàdánù ohun kan. Bí ó bá fi orí kan bíríkì tí ó yẹ, olú kan yóò yọ jáde. Olú náà yóò yí lọ sápá ọ̀tún, yóò kọlu páìpù, yóò sì yí padà wá bá a. Báyìí ni yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni olú, kì í ṣe ọ̀tá. Nígbà tí ó bá ń súnmọ́ òpin, yóò bá àtẹ̀gùn méjì tí ó dojú kọra, ilẹ̀ sì wà láàárín wọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò bá irú rẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n kòtò ni ó wà láàárín àwọn wọ̀nyí. Wọ́n jẹ́ kí ó dánra wò kí wọ́n tó dán an wò.

Akẹ́kọ̀ọ́, fi èyí sọ́kàn. Ọ̀nà tí a fi ń ya ìpele tí ó dára ni a fi ń kọ àròkọ aṣàlàyé tí ó dára: ohun kan lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó rọrùn ṣáájú èyí tí ó le.

3. Ìlapa èrò

(i) Ìfáàrà: kí ni ìpele eré?
(ii) Àwọn ohun èlò.
(iii) Òfin ìdiwọ̀n.
(iv) Àwòrán kéékèèké àti yíyan èyí tí ó dára jù.
(v) Títo àwọn ìdíwọ́.
(vi) Yíyẹ iṣẹ́ wò àti àtúnṣe.
(vii) Ìgúnlẹ̀: ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ náà kọ́ mi.

4. Àpẹẹrẹ àròkọ

BÍ MO ṢE Ń YA ÌPELE ERÉ KỌ̀ǸPÚTÀ

Iṣẹ́ ọwọ́ tí mo máa ń ṣe nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ ni yíya ìpele eré kọ̀ǹpútà. Ìpele ni apá kan nínú eré, tí ó ní ibi ìgbéra, ìdíwọ́ àti ibi ìparí. Àwọn ará ilé mi a máa rò pé mo kàn ń fi àkókò ṣòfò ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gba ìrònú ni.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: ìwé gíráàfù, pẹ́ńsù, rúlà, rọ́bà tí a fi ń pa nǹkan rẹ́, àti bírò pupa kan. N kò ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n èyí kò dí mi lọ́wọ́, nítorí orí ìwé ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi pẹ́ńsù yà kò ṣòro láti pa rẹ́.

Ṣáájú ohun gbogbo, mo máa ń fi òfin lélẹ̀. Àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan lórí ìwé gíráàfù dúró fún ìgbésẹ̀ kan. Nínú eré tí mo ń yà lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan ń ru omi bọ̀ láti odò. Ó lè fo kòtò tí ó fẹ̀ tó àpótí 3, ó sì lè fò sókè ní àpótí 2. Mo kọ èyí sí etí ìwé kí n má baà gbàgbé, nítorí bí mo bá ya kòtò tí ó fẹ̀ tó àpótí 4, kò sí ẹni tí yóò lè kọjá níbẹ̀ láé.

Lẹ́yìn èyí, mo ń ya àwòrán kéékèèké 4 tàbí 5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ojú ọ̀nà nìkan ni mo ń yà sí wọn: ibi tí ó ga, ibi tí ó rẹlẹ̀, àti ibi tí ọmọ náà yóò ti sinmi. N kì í ya ewé tàbí òrùlé ilé nígbà yìí, nítorí ẹwà lè fi àìdára ọ̀nà pamọ́. Èyí tí ó bá dára jù ni mo ń tún yà ní ńlá.

Títo ìdíwọ́ ni ó kàn. Kòtò àkọ́kọ́ fẹ̀ ní àpótí 1, ilẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀; ẹni tí ó bá jábọ́ sí i yóò tún gòkè. Kòtò kejì fẹ̀ ní àpótí 2, omi sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta fẹ̀ ní àpótí 3, àgbò kan sì dúró lódìkejì tí ó fẹ́ kàn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ọmọ náà tó dé ọ̀dọ̀ àgbò, ó ti mọ bí a ṣe ń fo kòtò.

Nígbà tí mo bá yà á tán, mo ń gbé ìwé náà fún àbúrò mi pé kí ó fi ìka rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kì í bá a sọ̀rọ̀ rárá. Ibi tí ó bá ti dúró, tí ó gbójú sókè wò mí, ni mo ń fi bírò pupa sàmì sí. Àmì náà kò túmọ̀ sí pé àbúrò mi kò gbọ́n. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà náà kò hàn tó. Mo ń pa apá yẹn rẹ́, mo sì ń tún un yà.

Iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi láti máa ro ti ẹlòmíràn. Ẹni tí yóò ṣe eré náà kò ní rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n máa ṣàlàyé fún un. Àwòrán mi nìkan ni yóò ṣe é.

5. Àkíyèsí

(a) Kíyè sí i pé ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní kókó kan ṣoṣo, ó sì tẹ̀ lé ìlapa èrò.

(b) Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ báyìí pé: "Lẹ́yìn náà mo ya àwọn ìdíwọ́ tí ó le gan-an." Gbólóhùn yìí kò la ohunkóhun yéni. Fi wé èyí: "Kòtò kejì fẹ̀ ní àpótí 2, omi sì wà nínú rẹ̀." Èyí ni a lè fojú inú rí.

(d) Òwe kan ṣoṣo ni ó wà nínú àròkọ náà, ibi tí ó bá a mu ni ó sì wà. Má ṣe to òwe jọ bí ẹni to igi ìdáná.

(e) Bí òǹkọ̀wé ti gbé àwòrán fún àbúrò rẹ̀ ni kí ìwọ náà gbé àròkọ rẹ fún ẹlòmíràn kà nígbà ìgbáradì. Má ṣe bá a sọ̀rọ̀. Ibi tí ó bá ti bi ọ́ léèrè ni kí o tún kọ. Ní ọjọ́ ìdánwò, ìwé rẹ nìkan ni yóò wà níwájú olùyẹ̀wò. Ìwọ kò ní sí níbẹ̀ láti sọ ohun tí o ní lọ́kàn.

6. Ìdánrawò

Ṣe ìlapa èrò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ àròkọ lórí ọ̀kan:

(i) Ṣàlàyé bí a ṣe ń ta ayò ọlọ́pọ́n fún ẹni tí kò rí i rí.
(ii) Ṣàlàyé bí a ṣe ń pa aró.
(iii) Ṣàlàyé eré kan tí o fẹ́ ṣẹ̀dá, àti bí o ó ṣe ya ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀.