Ìkérora Tó Wà Nínú Àmì Kan

Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe níhìn-ín, mo tọ́jú bàbá àgbà kan, ará Ṣáínà. Mo bi ọmọ wọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń kọ "dókítà" ní èdè wọn. Ó kọ ọ́ fún mi: 醫生. Àmì àkọ́kọ́, 醫, tí wọ́n ń pè ní "yī", ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Ẹ wò ó dáadáa. Lókè, lápá òsì, ọfà wà nínú apó. Lápá ọ̀tún, ọwọ́ kan di ohun ìjà mú. Ìkòkò ọtí ló wà nísàlẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọgbẹ́ ogun ni: a yọ ọfà, a fi ọtí wẹ ojú egbò. Ìtàn yìí dùn ún gbọ́, ó sì mú wa rántí ará Samáríà tó da òróró àti wáìnì sí ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n Xu Shen, tó kọ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Ṣáínà ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọtí wà níbẹ̀ nítorí pé wọ́n fi ń wo àìsàn. Ní ti apá òkè, ọ̀kan nínú ìtumọ̀ tó kọ sílẹ̀ ni pé ìró àìsàn ni, èyí tí í ṣe ìkérora.

Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ṣáínà gé àmì náà kúrú, láti ìlà 18 sí 7: 医. Ní Hong Kong àti Taiwan, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ ní kíkún.

Ọ̀rọ̀ ìkérora yìí ló wọ̀ mí lọ́kàn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà bi ìyá kan nínú àwọn ènìyàn wa pé níbo ló ń dùn wọ́n. Màmá ní, "A dúpẹ́, kò sí wàhálà." Ọmọ wọn túmọ̀ rẹ̀, dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìrora. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dìde, mo gbọ́ tí wọ́n kérora.

"Màmá, láti ìgbà wo?"

"Ó ti pé oṣù méjì, ọmọ mi."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ibi tó ń dunni ni ká sọ fún dókítà. Ẹ̀yin ọmọ tó ń túmọ̀ fún òbí, ẹ má ṣe dúró lórí "A dúpẹ́". Ẹ bi wọ́n: ibo ni, láti ìgbà wo, báwo ló ṣe ń ṣe wọ́n?

Kí Olúwa fún wa ní ìlera. Àmín.