Teresa Mímọ́ Wo Lẹ Ń Sọ?

Bí ẹnì kan bá ní Teresa Mímọ́ ni òun ń ké pè kó bá òun bẹ Ọlọ́run, ó yẹ ká bi í pé: èwo nínú wọn? Teresa tí Ìjọ Àgùdà kà mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ju ẹyọ kan lọ. Ará Sípéènì ni ọ̀kan, ará Faransé ni èkejì. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Júù ará Jámánì, ọ̀kan jẹ́ ọmọbìnrin ará Chile tí kò pé ọmọ ogún ọdún tó fi kú. Ẹni karùn-ún ni Ìyá Teresa ti Calcutta, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí àwòrán rẹ̀ rí.

Orúkọ náà kò kàn ṣe kòńgẹ́. Mẹ́ta nínú wọn, òbí wọn kò sọ wọ́n ní Teresa. Ìgbà tí wọ́n wọ ilé àwọn sísítà ni wọ́n gba orúkọ náà, nítorí Teresa kan tó ti ṣáájú wọn. Ohun tó sì gbé òkìkí àwọn tó ṣáájú dé etí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lágbà, ìtàn yìí kàn yín gan-an.

Ọdún 1515 ni wọ́n bí Teresa ti Ávila. Ìlú olódi ni Ávila ní Sípéènì, odi òkúta rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí dòní. Júù tó di Kristẹni ni bàbá bàbá rẹ̀. Ní 1485, ilé-ẹjọ́ tó ń tú ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn wò fìyà jẹ bàbá yìí ní gbangba ní ìlú Toledo, wọ́n ní ó ṣì ń ṣe ẹ̀sìn Júù ní kọ̀rọ̀. Ìdílé náà kó kúrò níbẹ̀, wọ́n wá tẹ̀dó sí Ávila.

Ìyá Teresa fẹ́ràn ìtàn àròsọ àwọn jagunjagun elẹ́ṣin. Bàbá kò fẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé rárá, nítorí náà ṣe ni ìyá àti ọmọ ń yọ́ ọ kà. Teresa tún ń ka ìtàn àwọn tó kú nítorí Kristi. Nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje, òun àti Rodrigo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sá jáde nílé, wọ́n ní àwọn ń lọ sí ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí kí wọ́n lè pa àwọn níbẹ̀, kí àwọn sì tètè dé ọ̀run. Ẹ̀yìn odi ni mọ̀lẹ́bí wọn kan ti rí wọn, ó sì kó wọn padà sílé.

Ní 1535 ó wọ ilé àwọn sísítà Kámẹ́lì. Kò pẹ́ tí àìsàn fi gbé e dè. Ní 1539 wọ́n rò pé ó ti kú, wọ́n sì ti gbẹ́ ilẹ̀ sàréè dè é kó tó lajú.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní ọdún 1559, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti máa ń wọ̀ mí lára jù. Lọ́dún náà, olórí ilé-ẹjọ́ ìgbàgbọ́ ní Sípéènì fòfin de ọ̀pọ̀ ìwé àdúrà tí wọ́n kọ ní èdè Sípéènì. Ẹni tó gbọ́ Látìn lè máa kà lọ. Teresa kò gbọ́ Látìn. Àwọn ìwé tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ó dun òun púpọ̀. Ó ní Olúwa tu òun nínú, ó sì ṣèlérí ìwé tó wà láàyè fún òun.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, òun gan-an ti ń kọ ìwé. Àwọn àlùfáà tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ló ní kó kọ ìtàn ìgbésí ayé àti àdúrà rẹ̀ sílẹ̀. Èdè tí ará ilé ń bá ará ilé sọ ló fi kọ ọ́. Nínú ìwé náà kan náà ló ti ráhùn pé ìwé kíkọ kò jẹ́ kí òun ráyè ran òwú, bẹ́ẹ̀ ilé tálákà ni ilé àwọn, iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀. Ẹ wo obìnrin yìí: ó ń ran òwú, ó ń bójú tó ilé, ó sì ń kọ ohun tí gbogbo ayé yóò wá kà. Ní 1575 ilé-ẹjọ́ ìgbàgbọ́ gba ìwé náà sọ́dọ̀, kò sì fojú ara rẹ̀ rí i kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1588 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ilé àwọn sísítà mẹ́tàdínlógún ló dá sílẹ̀ káàkiri Sípéènì, tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù rin ọ̀nà jíjìn. Alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 1582 ló kú. Ọjọ́ kejì rẹ̀ di ọjọ́ 15, nítorí alẹ́ yẹn gan-an ni Póòpù Gregory yọ ọjọ́ mẹ́wàá kúrò nínú kàlẹ́ńdà kí oṣù lè bá oòrùn mu. Ní 1970, Póòpù Paul Kẹfà sọ ọ́ di Olùkọ́ Ìjọ. Kò sí obìnrin tó jẹ oyè yẹn rí ṣáájú rẹ̀.

Teresa kejì la mọ̀ sí Teresa ti Lisieux, tí àwọn Faransé ń pè ní Thérèse. Ọdún 1873 ni wọ́n bí i. Àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́kọ́ sọ ọmọ kan ní orúkọ yìí ní 1870, ọmọ náà kò sì lò tó oṣù méjì láyé. Iṣẹ́ léèsì ni ìyá wọn ń ṣe. Àrùn jẹjẹrẹ ọyàn ló pa á nígbà tí Teresa wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tó pé ọdún mẹ́rìnlá, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí Róòmù, ó kúnlẹ̀ níwájú Póòpù Leo Kẹtàlá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ ilé Kámẹ́lì ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò fẹ́ dìde, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló gbé e kúrò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọlé.

Níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Pauline, tó ti di olórí ilé, ní kó kọ ohun tó rántí nípa ìgbà èwe rẹ̀ sílẹ̀. Inú ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé, èyí tí kò wọ́n, ló kọ ọ́ sí, lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Nígbà tó yá, ó tún kọ bí sísítà kan ṣe ń ta omi ìdọ̀tí sí òun lójú nígbà tí wọ́n ń fọ aṣọ. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sún sẹ́yìn kó sì nu ojú rẹ̀ kí ẹni náà lè rí ohun tó ń ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó sì fi ìfẹ́ gba omi náà. Ohun tó ń pè ní ọ̀nà kékeré nìyẹn: nǹkan táṣẹ́rẹ́ tí ènìyàn fi ìfẹ́ ńlá ṣe.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní 1897, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Pẹ́ńsùlù ló fi kọ ojú ìwé tó kẹ́yìn, torí kò lágbára láti máa ki pẹ́ẹ̀nì bọ yíǹkì mọ́. Ẹ̀dà 2,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1898. Ní 1925 wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣì wà láyé.

Ìwé yìí dé Chile, Juana Fernández sì kà á. Ó wọ ilé Kámẹ́lì ní ìlú Los Andes ní 1919, ó gba orúkọ Teresa, àìsàn tífọ́ọ̀sì sì pa á lọ́dún kejì. Òun ni ẹni mímọ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Chile.

Edith Stein ni ọmọ Júù ará Jámánì tí mo mẹ́nu bà, ọ̀mọ̀wé sì ni. Breslau, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, ni wọ́n ti bí i ní 1891. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì ní 1916, nígbà tí obìnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ní 1921 ó wà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì mú ìwé ìtàn ayé Teresa ti Ávila lórí pẹpẹ ìwé. Wọ́n ní òru mọ́jú ló fi kà á tán. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1922 ó ṣe ìrìbọmi. Ìyá rẹ̀, Júù tó fọwọ́ gidi mú ẹ̀sìn rẹ̀, sunkún. Edith sì tún bá a lọ sí sínágọ́gù nígbà tó wá kí i nílé. Nígbà tó wọ Kámẹ́lì ní Cologne, Teresa ló fi ṣe orúkọ. Nígbà tí ìjọba Hitler le mọ́ àwọn Júù, ó sá lọ sí Nẹ́dálándì. Ní oṣù keje 1942, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ka lẹ́tà nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti tako bí wọ́n ṣe ń kó àwọn Júù lọ. Àwọn Jámánì gbẹ̀san: wọ́n kó àwọn Júù tó di Kátólíìkì. Òun àti Rosa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára wọn, wọ́n sì pa wọ́n ní Auschwitz ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ.

Orúkọ tí wọ́n sọ Ìyá Teresa ni Anjezë Gonxhe Bojaxhiu. Ọmọ Albania ni, ìlú Skopje ni wọ́n ti bí i ní 1910. Teresa ti Lisieux ló fi sọ ara rẹ̀, àmọ́ sísítà mìíràn ti gba Thérèse, ni ó bá kọ tirẹ̀ bí àwọn ará Sípéènì ṣe ń kọ ọ́. Ó ń ṣe tíṣà ní Calcutta fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1946, nínú ọkọ̀ ojú irin, ó gbọ́ ìpè láti lọ máa gbé láàárín àwọn tálákà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1979. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn lẹ́tà rẹ̀ fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń gbàdúrà láìmọ̀ ọ́n lára pé Ọlọ́run wà nítòsí. Irú òkùnkùn kan náà bá Teresa ti Lisieux ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ kó tó kú. Àwọn méjèèjì kò fi àdúrà sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí ère wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ óò dá wọn mọ̀. Ẹni tó mú pẹ́ẹ̀nì àti ìwé dání ni ti Ávila. Ẹni tó gbá òdòdó róòsì àti àgbélébùú mọ́ra ni ti Lisieux. Ti Calcutta wọ aṣọ sàrí funfun tó ní ìlà aró. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni wọ́n ń rántí ti Ávila, ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ni ti Edith Stein, ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ni ti Calcutta. Ti Lisieux bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń jẹ́ Teresa, tí kò mọ èyí tí wọ́n fi sọ òun, lè bi àwọn òbí rẹ̀. Bí wọn kò bá rántí, kó yan ọ̀kan nínú wọn, kó sì wá ìwé rẹ̀ kà.